Agogo Tó Ti Ṣẹ̀wọ̀n Rí

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kà síwájú, kí o má baà rò pé ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé. Ìbínú ń fẹ́ agbára, agbára ọ̀hún ni n kò sì ní mọ́. Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa dá ọ lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù nígbà mẹ́ta, mo pa á rẹ́ nígbà mẹ́ta. Ni mo bá wá bébà àti gègé, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sí òkè òkun, ibẹ̀ ni mo ti kàwé dópin. Bí mo bá ní kí n fi Òyìnbó kọ èyí, ǹ bá ti parí rẹ̀ kí omi tó hó. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, èdè ilé ni mo fẹ́ kó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Níbi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́, fà á tọ́, kí o máa kà á lọ.

Ohun tí o sọ fún mi ní ọjọ́ Ajé nìyí. Mo tún un kọ kí o lè fi ojú ara rẹ rí i.

O ní, "Mọ́mì, mo ti fòpin sí i."

Mo ní, "O fòpin sí kí ni?"

"Agogo Màmá Káyọ̀dé. Aago márùn-ún ìdájí báyìí, gbaun-gbaun-gbaun! Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á máa kọrin. Mo ti kó agogo, mo kó àbẹ́là, mo kó sùtánà, gbogbo ẹ̀ pátá, mo tì í mọ́ wọ́dúróòbù mi. Àwọn tá a jọ ń ṣe fẹ́lóṣíìpù ń bọ̀ wá gbàdúrà nílé wa ní Sátidé. Ṣé irú ìyẹn ni kí wọ́n wá bá?"

"Kí ni Màmá sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbà?"

O wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ láti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ fúnra wọn pè mí. Ìwọ mọ̀ pé Màmá Ìkòyí ni mo máa ń pè wọ́n, nítorí Ìkòyí-Ilé ni Káyọ̀dé ti lọ kó wọn wá nígbà tí o ríṣẹ́ tíṣà, tí ẹ gba ilé sí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Àna mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ." Wọ́n béèrè orúnkún mi. Wọ́n béèrè òjò. Wọ́n yìn ọ́, wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ dùn. Nígbà tí mo rò pé ó parí, wọ́n ní, "Mò ń padà sí Ìkòyí ní Sátidé. Ewúrẹ́ mi ti fẹ́ bímọ."

Mo ní, "Ẹ kú ewu rẹ̀."

Àṣàkẹ́, Màmá Ìkòyí ò ní ewúrẹ́. Lójú mi ni wọ́n ṣe pín ewúrẹ́ wọn fún aládùúgbò kí wọ́n tó wọkọ̀ wá bá yín gbé.

Òní ni Ọjọ́bọ̀. Àbúrò mi Kọ́lá ń gbé ọkọ̀ bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀ ọ̀la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Tí o bá rí i gbà ní ọ̀sán Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún ọ kí obìnrin yẹn tó gbé báàgì wọn sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá lọ, wọn ò ní padà wá, wọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Jókòó, kí n tú àpò àkísà mi.

O ti gbọ́ orúkọ Ìyá Ìsàlẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ni yàrá tí mò ń tọ́jú ìwé sí báyìí. O ò gbọ́ bí wọ́n ṣe kú, torí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ pàápàá, ìlàjì ló gbọ́.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Ìyá Ìsàlẹ̀ àti bàbá mi sí. Yésúfù ni bàbá mi ń jẹ́. Nígbà tí ó tó ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ ìyá wọn àgbà ni wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Ìsàlẹ̀ ló sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Tíṣà béèrè orúkọ. Wọ́n ní, "Yésúfù."

Tíṣà ní, "A ò ní Yésúfù níbí. Jósẹ́ẹ̀fù ni màá kọ. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú un padà sí oko."

Ìyá Ìsàlẹ̀, tí wọn ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, wo ìwé, wọ́n wo àbúrò wọn, wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń pè é jẹun, Yésúfù ni màá máa pè é."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bàbá mi di Jósẹ́ẹ̀fù, ó di ọmọ ìjọ, ó di àgbà ìjọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọn ò rán níléèwé dúró sínú ẹ̀sìn tí wọ́n bí wọn sí. Inú ilé kan náà ni wọ́n gbé di arúgbó. Ẹran Iléyá ń lọ sí yàrá bàbá mi, ìrẹsì Kérésì ń lọ sí yàrá wọn. Tí oúnjẹ bá jinná, wàá gbọ́ láti ilé ìdáná: "Yésúfù o! Wá jẹun o!" Àgbà ìjọ á dìde, á dáhùn.

Èmi wà lókè òkun, mò ń kọ́ ìtàn. O ò mọ irú àwọn ìwé tí mo kà, ọmọ mi. Mo ka ti àwọn ọba Róòmù tó ń ju onígbàgbọ́ fún ẹranko. Mo ka ti àwọn tí wọ́n dáná sun torí pé wọ́n fẹ́ ka Bíbélì ní èdè ìyá wọn. Mo ka ti àwọn Júù tí wọ́n ń lé láti ìlú dé ìlú. Mo ka ti àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi sálọ nítorí ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tuntun, tí wọ́n kọ́lé tán, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí lé ẹni tí kò gbàdúrà bíi tiwọn. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ti àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Sípéènì. Wọ́n fi tipátipá sàmì fún wọn, lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣọ́ wọn nínú ilé wọn. Ẹni tó bá ń fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ jù, wọ́n á ní àlùwàlá ló ń ṣe. Omi lásán di ẹ̀sùn. Mo kọ iṣẹ́ gígùn kan lórí rẹ̀. Olùkọ́ mi yìn mí, mo sunkún nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Mo wá sílé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní ẹ̀yìnkùlé ni kẹ́tùlù oníke kan, àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ti fọ́. Mo gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi bomi rin òdòdó.

O ti mọ ohun tí kẹ́tùlù náà jẹ́. Èmi tí mo kọ ìwé lórí Sípéènì ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní ọdún kejì tí bàbá mi kú, Ìyá Ìsàlẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. N kò tíì ríṣẹ́, èmi ló kù nílé, mo sì tọ́jú wọn. Mo wẹ̀ fún wọn, mo fi ṣíbí bọ́ wọn. Wọ́n á ní, "Ọmọ Yésúfù, kẹ́tùlù mi dà?" Mo bá lọ ra tuntun, èyí tó ń fi iná mànàmáná hó omi. Mo gbé e ka iwájú wọn pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó dán." Wọn ò béèrè mọ́.

Àṣàkẹ́, mo fẹ́ràn wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Mò ń rò ó lọ́kàn pé bí wọ́n bá kú báyìí, ṣé wọn ò ní rí àbúrò wọn mọ́ láéláé? Ta ni yóò máa pè é jẹun lọ́hùn-ún? Mo lọ pe kátíkíìsì wa.

Kátíkíìsì dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣí ìwé. Mo ní, "Ìyá, ẹ kọjú síbí, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀." Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo fi ọwọ́ méjèèjì mú èjìká wọn, mo rọra yí wọn bọ̀. Wọ́n tún yí padà. Mo tún yí wọn bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin agbára wọn ti tán, wọ́n fi ara sílẹ̀ fún mi.

Kátíkíìsì ní, "Ṣé wọ́n gbà báyìí?"

Mo ní, "Wọ́n gbà. Ṣé ẹ rí i pé wọn ò sọ nǹkan kan."

Kátíkíìsì fi omi sàmì sí wọn lórí, ó pè wọ́n ní Sárà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n kú. Mùsùlùmí kì í fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la bí ó bá ṣeé ṣe. Èmi gbé wọn sí mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìsìnkú lè gbayì. Ní ọjọ́ náà, àwọn obìnrin àsàlátù tí wọ́n ti jọ ń kírun láti ìgbà èwe wá, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nínú oòrùn, bíi mẹ́jọ. Wọn ò wọlé, wọn ò pariwo. Nígbà tí a gbé pósí kọjá, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo pàdé ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Múnírátù, nídìí ẹ̀rọ omi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ Òyìnbó, pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí n bi ọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń lọ, ibo ni wọ́n kọjú sí?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ mi, mà. Apá ilẹ̀kùn."

"Wọn ò gbìyànjú àtiyí sí ògiri?"

Mo ní, "Wọ́n gbìyànjú, mà."

Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Ògiri yẹn ni gábàsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí kírun ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ibẹ̀ náà ni Mùsùlùmí ń kọjú sí tó bá ń kú." Wọ́n gbé korobá wọn karí. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró. "Má sunkún. Ọlọ́run á ti rí i pé wọ́n gbìyànjú."

Bí wọ́n bá ti gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

Mo ti tú u fún ọ. Wá gbọ́ ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀.

Èkíní, má pe ìdákẹ́jẹ́ àgbàlagbà ní ìfọwọ́sí. Arúgbó tó ń gbé inú ilé ọmọ rẹ̀ ti wo ibi tí òun máa sùn lọ́la kó tó pinnu láti dákẹ́. Wọn ò gbà fún ọ, Àṣàkẹ́. Wọ́n ń yí ojú sí ògiri ni.

Èkejì. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà lókè òkun, n kò rí ẹnì kan tó jí láàárọ̀ tó ní, "Mo fẹ́ lọ ni ènìyàn lára lónìí." Ìgbàlà ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́tótó ni wọ́n ń pè é. Ìwọ pè é ní fẹ́lóṣíìpù, èmi pè é ní ìfẹ́. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọba àti ọmọ ogun nìkan ló ń ṣe inúnibíni. Ó ti yé mi báyìí pé ọmọ tó ń fi ṣíbí bọ́ ènìyàn lè ṣe é, kó sì tún máa nu ẹnu ẹni náà fún un.

Má sì rò pé ìdílé àwọn tó ń ni ènìyàn lára nìkan la ti wá. Lọ́dọ̀ ìyá mi, ìyá àgbà kan wà tó gbàgbọ́ nígbà tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò wọn. Wọ́n so ó mọ́ òpó nínú ọgbà ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kó sẹ́ Jésù. Kò sẹ́. Gbogbo wa la máa ń fi ìtàn yẹn yangàn. Ṣùgbọ́n wò ó, ìran mẹ́rin péré, àrọ́mọdọ́mọ ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó ló di èjìká ẹlòmíràn mú lórí ibùsùn. Ẹni tí wọ́n bá fi okùn dè rí, okùn ni kò yẹ kó tún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti agogo fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò gbọ́ èyí, torí o ò béèrè rí. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín, nígbà tí ìwọ wà ní yàrá tí ò ń múra, èmi àti Màmá Ìkòyí jókòó ní ẹ̀yìnkùlé yìí, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi. Bàbá wọn ló ni agogo náà. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ di Aláàdúrà ní agbègbè wọn, nígbà tí Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Wọ́n ń gun òkè lọ gbàdúrà láìwọ bàtà. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní wọ́n ń da ìlú rú. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, bíi tiwa yìí, ní wọ́n ń ba orúkọ Jésù jẹ́. Ìjọba ní wọn ò gbàṣẹ. Àwọn mẹ́ta tí wọn kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, wọ́n fẹnu kò lórí agogo. Akódà wá gbé e lọ, wọ́n tì í mọ́ kóòtù ìbílẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bàbá á ta iṣu rẹ̀ tán, á lọ dúró létí fèrèsé kóòtù. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá kí agogo mi."

Akọ̀wé á ní, "Bàbá, ẹ máa lọ."

"Ṣé ó sùn dáadáa?"

Akọ̀wé kọ́kọ́ ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń bínú. Nígbà tó tún yá, bí ọjọ́ ọjà bá ti ku ọ̀la, á nu eruku ara agogo náà sílẹ̀ de bàbá. Ní ọjọ́ kan, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e gba ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé e lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Agogo tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nìyẹn, Àṣàkẹ́ mi. Má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kejì, nínú wọ́dúróòbù, láàárín àwọn bàtà rẹ.

N kò ní kí o fi ìgbàgbọ́ rẹ sílẹ̀ o. N kò ní kí o tan àbẹ́là. Bí o bá rò pé àdúrà Aláàdúrà ò tọ̀nà, o lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò rẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìyá ọkọ rẹ pẹ̀lú. Bí agogo bá ń dí ọ lóorun, sọ pé ó ń dí ọ lóorun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń sùn pẹ́, ṣé a lè fi di aago mẹ́fà?" Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n "Ọlọ́run yín ń tì mí lójú níwájú àlejò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Yàrá mẹ́ta yín tó àgbàlagbà kan í gbàdúrà.

Ní ti àwọn fẹ́lóṣíìpù rẹ, jẹ́ kí wọ́n wá. Bí wọ́n bá bá agogo lórí tábìlì, tí wọ́n sì torí ẹ̀ lọ, ilé á dákẹ́, wàá fọ ife tí wọ́n fi mu omi, kò ní pa ọ́. Ṣọ́ra fún ìdákẹ́jẹ́ Káyọ̀dé náà. Ọkùnrin tí kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń kó o jọ síbì kan ni. Mi ò fẹ́ kí o mọ ibẹ̀.

Kẹ́tùlù Ìyá Ìsàlẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. N kò fi bomi rin nǹkan kan mọ́. Mo gbé e lọ fún Ìyá Múnírátù rí, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, pé ẹni tó ni ín ò sí mọ́. Òtítọ́ ni. Tèmi ò ṣeé tún ṣe mọ́, ohun tó ń rẹ̀ mí láti ọdún wọ̀nyí nìyẹn. Ẹni tí ìwọ ṣẹ̀ ṣì ń mí. Wọ́n wà ní yàrá kejì sí ọ bí o ṣe ń ka èyí, bóyá wọ́n ń ká aṣọ.

Nítorí náà, bí o bá kà á dé ibí, dìde. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Nu eruku ara agogo náà bí akọ̀wé yẹn ti ṣe. Kó sùtánà àti àbẹ́là pọ̀ mọ́ ọn, kí o kúnlẹ̀, kí o fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Má ṣàlàyé. Má dárúkọ mi. Bí wọ́n bá mẹ́nu kan ewúrẹ́, sọ pé kí Káyọ̀dé lọ wò ó fún wọn.

Ní ìdájí Sátidé, màá ti jí, orúnkún kì í jẹ́ kí n sùn kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀. Màá gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Tó bá di aago márùn-ún, pè mí. O ò ní láti sọ̀rọ̀. Ṣáà na fóònù sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, kí èmi náà gbọ́ ọ.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ń retí agogo.